Àmì ìwúlé inú ẹ̀jẹ̀ àti ewu ikú lára alátọ̀gbẹ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Àmì ìwúlé ni àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí iye wọn máa ń yí padà nígbà tí ara bá ń gbèjà ara rẹ̀. Bí nǹkan bá gún ènìyàn lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á gbóná, tó bá yá á rọ̀. Ìwúlé nìyẹn. Lára alátọ̀gbẹ, pàápàá ẹni tí ọ̀rá kún inú rẹ̀, ìgbèjà yìí kì í rọ̀ tán. Ó ń lọ lábẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ìrora, ó ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, títí ọ̀ràn á fi dé ọkàn, ọpọlọ tàbí kíndìnrín. Ìdí nìyí tí ẹni méjì tí ṣúgà wọn dọ́gba lè ní ewu ikú tí kò dọ́gba.

CRP (C-reactive protein) ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn àmì yìí. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. William Tillett àti Thomas Francis ló kọ́kọ́ rí i ní New York ní 1930, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró ń dà láàmú. Ní 2003, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà là á sí ọ̀nà mẹ́ta: bí kò bá tó mílígíráàmù 1 nínú lítà kan, ewu àrùn ọkàn kéré; láti 1 dé 3, ó mọ níwọ̀n; bó bá ju 3 lọ, ó pọ̀. Ìwádìí ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi hàn pé alátọ̀gbẹ tí CRP rẹ̀ ga sábà máa ń tètè kú ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn àmì mìíràn ni ESR (bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe ń yára rọ̀ sílẹ̀ nínú ìgò àyẹ̀wò), fibrinogen tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, albumin tó ń lọ sílẹ̀, àti iye sẹ́ẹ̀lì funfun, tí neutrophil àti lymphocyte jẹ́ oríṣi méjì nínú rẹ̀. Bí a bá fi iye lymphocyte pín iye neutrophil, a tún rí àmì kan tí kò ná aláìsàn ní kọ́bọ̀ sí i, nítorí méjèèjì ti wà nínú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ka èsì yìí ní Boston ló yẹ ká máa kà á ní Abẹ́òkúta. Ibà nìkan lè gbé CRP kọjá 50. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ibà nígbà òjò, èsì rẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa ọkàn rẹ̀. Bí èsì bá ju 10 lọ, kí a wá ohun tó fà á, kí a wò ó sàn, kí a tún ẹ̀jẹ̀ gbà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ti neutrophil tún yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ jùlọ àwa ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ní àmì Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa wa. Àjogúnbá yìí ló ń dènà irú ibà tí wọ́n ń pè ní vivax, òun náà ló sì ń mú kí neutrophil wa kéré láìsí àìsàn kankan. Ìwọ̀n tí a fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Yúróòpù gbé kalẹ̀ lè pe Ẹ̀gbá tó wà nínú ewu ní ẹni tí ara rẹ̀ dá. Abẹ́òkúta, tó ti ní ilé ìwòsàn Sacred Heart ní Lántòrò láti 1895, tó sì ní FMC (Federal Medical Centre) ní Ìdí-Àbà láti 1993, tó ẹni tí í wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ tí ara wọn dá, kó ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Ẹsẹ̀ wà lára ibi tí ìwúlé ti ń yára pa alátọ̀gbẹ nílẹ̀ wa. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2019 wo aláìsàn 336 tó ní ọgbẹ́ ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́fà ní Nàìjíríà: wọ́n gé ẹsẹ̀ fún ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta wọn, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sì kú. Ẹsẹ̀ tó ti kú tipiri kì í mọ̀ pé omi gbóná ti bó òun. Nígbà tí òórùn bá fi ọgbẹ́ hàn, ó ti pẹ́. CRP tó ń gòkè láàárín ọjọ́ díẹ̀ ń sọ fún dókítà pé àrùn ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Àmọ́, nǹkan bí ìdajì àwọn tí àkóràn ti wọlé jinlẹ̀ sínú ẹsẹ̀ wọn ni sẹ́ẹ̀lì funfun wọn kò pọ̀ rárá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi èsì tó dára dá ẹsẹ̀ tó ń rùn padà sílé.

Ní ti pípa ìwúlé fúnra rẹ̀, ní 2017, ìwádìí CANTOS fi hàn pé oògùn canakinumab, tó ń pa ìwúlé nìkan láìfọwọ́ kan ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, dín àìsàn ọkàn kù ní nǹkan bí ìdá 15 nínú 100. Ó tún mú kí àkóràn pa àwọn kan, àpapọ̀ ikú kò sì dín. Statin (oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù), ìrìn ojoojúmọ́, fífi sìgá sílẹ̀ àti ìtọ́jú èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ náà ń mú CRP wálẹ̀, kò sì sí èyí tí a kò lè rí nínú wọn ní Abẹ́òkúta.