Oògùn Adìẹ Nínú Àwo Ọbẹ̀ Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: "Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ." A sábà máa ń pa òwe yìí nígbà tí ìnira bá dé bá ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ó tún kọ́ wa pé ohun méjì tó bá ti so pọ̀, ara ọ̀kan kò lè ni ín kí ara rọ èkejì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ adìẹ tí à ń sìn àti àwa tí à ń jẹ ẹ́ rí, pàápàá lórí oògùn apakòkòrò.

Adìẹ tó ń ṣàìsàn yẹ kó rí ìtọ́jú gbà. Ìkà ni kí a máa wò ó títí yóò fi kú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni kí ọlọ́sìn máa po oògùn mọ́ omi adìẹ tí kò ṣàìsàn, nítorí pé ilé wọn há, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, abẹ́rẹ́ àjẹsára kò sì pé. Oògùn wá di arọ́pò ìmọ́tótó. Kòkòrò tí kò bá kú níbẹ̀ ni yóò máa bí sí i, tí oògùn náà kò ní ràn án mọ́. Kì í sì í jókòó sínú ọgbà adìẹ. Ọwọ́ òṣìṣẹ́, ìgbẹ́ adìẹ tí a fi ṣe ajílẹ̀ ẹ̀fọ́, àti ẹran tí kò jinná ni yóò bá dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Ṣáínà kéde àbùdá kan tí wọ́n pè ní mcr-1. Wọ́n rí i lára kòkòrò inú ẹlẹ́dẹ̀, inú ẹran adìẹ, àti lára àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Àbùdá yìí kì í jẹ́ kí colistin ran kòkòrò, bẹ́ẹ̀ colistin wà lára oògùn tí àwọn dókítà ń fi pamọ́ di ìgbà tí gbogbo ìyókù bá kùnà. Ṣáínà dá pípo oògùn náà mọ́ oúnjẹ ẹran láti mú un sanra dúró ní 2017. Íńdíà fòfin de lílò ó fún ẹran ọ̀sìn ní 2019. Sweden ti fòfin de fífi oògùn apakòkòrò mú ẹran sanra láti 1986, ọ̀sìn adìẹ kò sì parẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí a ti ń dán ẹ̀rí ọkàn wò jù lọ ni ọjọ́ ìdúró. Oògùn kọ̀ọ̀kan ní iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn tí a bá lò ó tán kí a tó lè ta ẹran tàbí ẹyin. Léyà, ìyẹn adìẹ tí à ń sìn fún ẹyin, kì í sì í ṣíwọ́ yíyé nítorí pé ó ń gba oògùn. Lójoojúmọ́ ni kíréètì ẹyin ń pọ̀ sí i, oúnjẹ adìẹ wọ́n, oníbàárà sì ti dé ẹnu ọ̀nà. Ta ni yóò mọ̀ bí ọlọ́sìn bá tà á? Ẹni tó fọ́ ẹyin náà kò ní rí oògùn nínú rẹ̀. Iná tó gbóná dé inú ẹran, tó tó ìwọ̀n 74 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ń pa kòkòrò Salmonella, ṣùgbọ́n iná ìdáná kì í mú gbogbo ìyókù oògùn kúrò. Ohun tí ọlọ́sìn bá bà jẹ́, alásè kò lè tún un ṣe.

N kò di gbogbo ẹrù lé ọlọ́sìn lórí. Ìjọba ní láti mú dókítà ẹran sún mọ́ àwọn ọlọ́sìn kéékèèké, kí ó sì dá títa oògùn láìsí ìwé dókítà dúró. Àwa oníbàárà náà, tí à ń wá èyí tó pọ́ọ́kú jù, ló yẹ ká máa béèrè pé: oògùn wo ni adìẹ yìí gbà, ìgbà wo ló sì gbà á kẹ́yìn? Ọlọ́sìn tó ń kọ ọjọ́ oògùn sílẹ̀, tó ń fún adìẹ rẹ̀ ní àjẹsára lákòókò, tó sì gbà kí ẹyin ọjọ́ ìdúró ṣòfò, ti pàdánù owó nítorí ìlera wa. Ó tọ́ kí a ra ọjà rẹ̀ ní iye tó bá òótọ́ rẹ̀ mu.