Òpìtàn Nílé Awo

Iṣẹ́ òpìtàn àti iṣẹ́ akọ̀wé ìpàdé bòńkẹ́lẹ́ kò bára mu. Òpìtàn a máa tú ohun tó fara sin síta. Akọ̀wé a máa bo ohun tí ojú rẹ̀ rí mọ́lẹ̀. Geir Lundestad, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, ru ẹrù méjèèjì pọ̀ fún nǹkan bí ọdún 25. Ìdí nìyí tí mo fi ka ìgbésí ayé rẹ̀ sí ohun tó yẹ kí àwa tí a ń kọ ìtàn yẹ̀ wò.

Ní ọdún 1945 ni wọ́n bí i ní Sulitjelma, ìlú àwọn awakùsà ní àríwá Nọ́wè. Ó ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Tromsø títí ó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n. Àròkọ kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1986 ló sọ ọ́ di ẹni àmọ̀káyé láàárín àwọn òpìtàn. Ó gbà pé agbára Amẹ́ríkà ní Ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì dà bí ti ìjọba ńlá, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ará Yúróòpù fúnra wọn ló ránṣẹ́ pè é, nítorí ìbẹ̀rù Sófíẹ̀tì àti àìní owó tí wọn yóò fi tún ilẹ̀ wọn ṣe. Ẹni tí a pè wọlé yàtọ̀ sí ẹni tó já ilẹ̀kùn.

Ní 1990, ó di olùdarí Ilé Ìwádìí Nobel ní Oslo. Ipò yìí náà ló sọ ọ́ di akọ̀wé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tí ilé aṣòfin Nọ́wè ń yàn láti fúnni ní Ẹ̀bùn Àlàáfíà. (Ti lítírésọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká gbà ní 1986, Súwídìn ló ti wá.) Lundestad ń jókòó sí ìpàdé, ó ń dá sí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìbò. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe yan Mandela àti de Klerk ní 1993, Wangari Maathai ní 2004, àti Obama ní 2009.

Òfin wọn ni pé ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde kí ọdún 50 tó pé. Nígbà tí Lundestad sọ ní 2006 pé àìfún Gandhi ní ẹ̀bùn náà ni àbùkù tó tóbi jù nínú ìtàn wọn, ọ̀rọ̀ ọdún 1948 sẹ́yìn ni. Gbèdéke ti kọjá. Ṣùgbọ́n ní 2015, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ó fipò sílẹ̀, ó kọ ìwé ìrántí. Ó ní ẹ̀bùn Obama kò so èso tí ìgbìmọ̀ retí, ó sì bẹnu àtẹ́ lu Thorbjørn Jagland tó ti jẹ́ alága wọn. Ìgbìmọ̀ fi ẹ̀sùn títú àṣírí kàn án.

Àwọn àgbà ní kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Èmi kò rí ẹ̀bi nínú ohun tó sọ nípa Obama: ìdájọ́ òpìtàn lórí ohun tí gbogbo ayé rí ni. Bí àwọn ènìyàn ṣe hùwà nínú ìpàdé ni ó ṣòro láti gbè é lẹ́yìn lé lórí, nítorí ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ ìpamọ́ ti gba owó ẹnu rẹ̀ ná. Síbẹ̀, ó fi orúkọ ara rẹ̀ kọ ọ́, lójú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, tí wọ́n sì lè fèsì.

Lundestad kú ní 2023. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ọdún 2009 yóò pé ọdún 50 ní 2059. Àwọn òpìtàn ìgbà náà ni yóò fi í wé ìwé rẹ̀.