Kíì

Kíì tí olórin ń wí yàtọ̀ sí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Ilé orin ni: ohùn tí a fi ṣe "do", tí àwọn ohùn yòókù máa ń fẹ́ padà sí. Bí "do" bá kó lọ sórí ohùn mìíràn, kíì ti yí nìyẹn.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Okokomaiko tàbí Ìbà, "Ẹ gbé kíì sókè!" ni wọ́n máa ń pariwo bí orin bá ti gbóná. Oníkíbọ́ọ̀dù á bọ́ láti C sí D. Ẹlòmíì á kàn tẹ bọ́tìnnì transpose (ọgbọ́n ọ̀lẹ, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́). Ta ni kò ní mọ èyí? Ọ̀fun akọrin á ti sọ fún un.

Èyí tó ń yọ́ wọlé ló le. Ẹ fetí sí "fa". Bí ó bá ròkè díẹ̀, tó di "fe", tó sì ti orin lọ jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí "so", "so" ti di "do" tuntun: láti C, a ti dé G. Bí "te" bá rọlẹ̀ di "ta", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ F là ń lọ. Nínú ìwé orin sol-fa irú ti John Curwen, orúkọ méjì ni wọ́n ń kọ fún ohùn tó dà bí afárá láàárín kíì àtijọ́ àti kíì tuntun, ti àtijọ́ á kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tuntun. Akẹ́kọ̀ọ́ orin ní LASU, Ọ̀jọ́, lè fojú wá a kó tó fetí wá a.

Ṣùgbọ́n bí "fa" gidi bá tètè padà dé, "fe" kàn yà kí wọn ni. Kíì kò yí.