Ta Ló Yọ Gééjì Tọ́bò Kúrò Nínú Mọ́tò?

  

Ọ̀rọ̀ owó ló fa ìtàn tòní. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra mọ́tò tòkunbọ̀ kan lọ́dún tó kọjá, mọ́tò kékeré tó ní tọ́bò. Èrò ni wọ́n fi ń gbé. Kò pẹ́ kò jìnnà, mọ́tò ò lágbára mọ́. Tí wọ́n bá gbé èèyàn mẹ́ta, tí wọ́n fẹ́ gun bíríjì, ṣe ló máa ń mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn. Bẹ́ẹ̀ iná kankan ò tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Mẹkáníìkì wọn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fetí sí ẹ́ńjìnì díẹ̀, ó ní tọ́bò ti kú, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Iye tó dá lé wọn lórí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta owó mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá ẹni tó máa yá wọn lówó.

Rewáyà kan ládùúgbò wa ló dá wọn dúró. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi gééjì sí i. Ká rí ohun tó ń ṣe ná, kẹ́ ẹ tó náwó." Mo bá wọn lọ sí Ládípọ̀, a ra gééjì tọ́bò kan, rubutu báyìí, ojú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 52. Gbogbo ayé ló ń lo ìwọ̀n yẹn, ìyẹn ni ilé gééjì tí wọ́n ń tà lọ́jà fi máa ń gbà á. Mo ń ya fídíò bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àmọ́ ìbéèrè kan ò kúrò lọ́kàn mi: kí ló dé tí àwọn tó ṣe mọ́tò yìí ò fi gééjì sí i látilẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn ná, sáyé ìgbà tí ẹ̀rọ ṣì ń fi ooru omi ṣiṣẹ́. Wọ́n á ho omi nínú ìkòkò irin ńlá tí wọ́n dé pa, ooru á há síbẹ̀, agbára rẹ̀ ló ń ti ẹ̀rọ. Tí agbára náà bá pọ̀ jù, ìkòkò á bú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1838, ìkòkò ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Moselle bú gbàmù nítòsí Cincinnati ní Amẹ́ríkà. Èèyàn tó lé ní 100 ló kú. Èrò inú ọkọ̀ ò rí ohunkóhun tó máa sọ fún wọn pé ikú ń ho lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ọmọ Faransé kan, Eugène Bourdon, tó ń ṣe ẹ̀rọ ní Paris, ló rí ọ̀nà kan. Páìpù kan tí wọ́n ká ló tẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́ wọn lọ́wọ́ níbi iṣẹ́. Wọ́n wá ń ti omi sínú rẹ̀ kó lè wú padà. Bó ṣe ń wú, ló bá tún ń nà. Bourdon ò rí i bí àṣìṣe. Ó ṣe páìpù pẹlẹbẹ, ó tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà C, ó so ọwọ́ kan bíi ti aago mọ́ ọn lórí. Agbára tó bá wọ páìpù á nà án díẹ̀, ọwọ́ á yí. Ọdún 1849 ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Gééjì tó wà lára ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọkanáísà tó wà níwájú ilé yín, ọ̀pọ̀ ìgbà, páìpù Bourdon yẹn náà ló wà nínú rẹ̀ títí dòní. Òun náà ló wà nínú èyí tá a rà ní Ládípọ̀.

Ó wá ku tọ́bò fúnra rẹ̀. Alfred Büchi, ẹnjiníà ọmọ Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ lọ́dún 1905. Èéfín tó ń jáde lẹ́nu ẹ́ńjìnì ṣì lágbára, ẹ jẹ́ kó yí fáànù kan. Fáànù yẹn á yí èkejì, èkejì á máa ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì. Afẹ́fẹ́ púpọ̀, epo púpọ̀, agbára púpọ̀. Lọ́dún 1918, Sanford Moss gbé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfuurufú kan, Liberty, gun òkè Pikes Peak ní Amẹ́ríkà, níbi tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 14,000 lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣẹ́lẹ̀ débi pé ẹ́ńjìnì ò lè mí dáadáa, àmọ́ tọ́bò dá agbára rẹ̀ padà bíi pé ó wà nísàlẹ̀.

Nígbà tó fi máa dé inú mọ́tò táwọn èèyàn ń wà, ó ti di ọdún 1962, Chevrolet Corvair àti Oldsmobile Jetfire. Èmi ò lè fo Jetfire. Kí ẹ́ńjìnì rẹ̀ má bàa jóná, awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa rọ omi kan sínú táńkì kékeré, omi tí wọ́n pò mọ́ methanol. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Turbo-Rocket Fluid, ẹ ò rí i pé ẹnu wọn dùn! Wọ́n fi gééjì síbi tí awakọ̀ á ti rí i, wọ́n sì fi iná tó máa kìlọ̀ tí omi bá ń tán. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ò rọ ọ́. Ẹ̀rọ á wá dín agbára kù, oníbàárà á fìbínú dé. Nígbẹ̀yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ tọ́bò kúrò nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò yẹn.

Ní tèmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí ò tọ́: pé awakọ̀ ò ṣeé fi nǹkan pàtàkì lé lọ́wọ́. Ẹ wo gééjì Saab 900 Turbo láti Sweden, kò ní nọ́ńbà kankan. Àwọ̀ ló ní, tó fi mọ́ pupa níparí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Saab tún gbé APC jáde, ẹ̀rọ tó ń fetí sí ẹ́ńjìnì; tó bá gbọ́ pé ó ń kan gbà-gbà, á dín afẹ́fẹ́ kù fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni o, ó ti gba ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì là. Àmọ́ látìgbà tí kọ̀ǹpútà ti lè ṣọ́ tọ́bò, gééjì ò jọ ohun tó pọn dandan mọ́. Lónìí, tọ́bò ti wọ́pọ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ní in ò ní gééjì rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń tún mọ́tò ṣe fún eré ni ò jẹ́ kó parẹ́, bíi HKS ní Japan, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1973. Ẹni tó bá fi kún afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ mọ iye tó fi kún un.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ rewáyà wa. Ó gé rọ́bà tín-ín-rín kan tó ti ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń pín wọ ẹ́ńjìnì wá, ó fi T kékeré sí i, ó dè é pinpin. Ó gba ihò tó ti wà tẹ́lẹ̀ lára ògiri irin, kí irin má bàa gé rọ́bà. Mo ní kó gbé gééjì sára òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú, bí mo ṣe ń rí i nínú fídíò. Ó ní, "Rárá o, Àǹtí mi. Airbag wà nínú òpó yẹn. Tó bá bú, ojú bọ̀dá yín ni gééjì máa lọ." Ló bá gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ó ku wáyà iná, kí ojú gééjì lè máa mọ́lẹ̀ lálẹ́. Ìgbà tó tú dáṣíbọ́ọ̀dù láti wá ibi tó máa so ó mọ́ ló dákẹ́. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnì kan ti fi téèpù dúdú bo iná "check engine" látẹ̀yìn. Iná náà ń tàn ní tiẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ti máa tàn látọjọ́ tí wọ́n ti ra mọ́tò ọ̀hún. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí táyà kan, wọn ò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

A gbé e jáde. Nígbà tí mọ́tò dúró jẹ́jẹ́, ọwọ́ gééjì wà nísàlẹ̀ òdo, bó ṣe yẹ, torí ẹ́ńjìnì ń fa afẹ́fẹ́ ni. A dé orí bíríjì, ẹ̀gbọ́n mi tẹ iná mọ́ ọn. Ọwọ́ gééjì gòkè, ó dé 4 psi, ó dúró. Ó yẹ kí mọ́tò yẹn tó bíi 14. Afẹ́fẹ́ tó yí gbogbo wa ká, 14.7 ni agbára rẹ̀ létí òkun, ẹ wo bí ohun tí mọ́tò ń pàdánù ṣe tó. Rewáyà ní, "Tọ́bò ò kú. Tó bá kú, kò ní dé 4. Afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan."

Abẹ́ rọ́bà ńlá tó ń gbé afẹ́fẹ́ kúrò lára tọ́bò ló ti ya. Tí mọ́tò bá dúró, ẹnu rẹ̀ á pa dé. Tí afẹ́fẹ́ bá dé, á là gbàgà bí ẹnu ẹja. Owó rọ́bà tuntun ò tó owó epo ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tá a padà sórí bíríjì, ọwọ́ gééjì fò dé 13, ẹ̀gbọ́n mi sì pariwo bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Ẹ̀yin kan máa ní, ṣebí fóònù lè ṣe é? Bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti ní kí gbogbo mọ́tò tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ní ojú ihò OBD-II, ẹ lè ki ohun kékeré kan bọ̀ ọ́ kó máa fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí áàpù. Ẹ ṣe é tẹ́ ò bá lówó gééjì. Àmọ́ nọ́ńbà orí áàpù máa ń pẹ́ dé, bẹ́ẹ̀ fóònù ẹ̀gbọ́n mi ló ń júwe ọ̀nà, òun náà ni èrò ń pè.

Àwọn èrò ti ń béèrè lọ́wọ́ wọn báyìí pé kí ni aago kékeré yẹn, ṣé kò pẹ́ jù ni. Ẹ̀gbọ́n mi á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ látorí Faransé kan tí páìpù rẹ̀ tẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé èmi ni mo ni ìtàn yẹn. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.