Ohùn Ọ̀rọ̀ àti Ẹ̀kọ́ Ìgbàgbọ́ nínú Orin Ìsìn Kírísítẹ́nì Yorùbá

Ní ọdún 1932 ni Ìjọ Áńgílíkà, lábẹ́ CMS, àti Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì pawọ́ pọ̀ dá Igbobi College sílẹ̀ ní Èkó. Bí ètò ìjọ méjèèjì tilẹ̀ yàtọ̀, ìṣòro kan náà ni wọ́n ní: ewì tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run kì í sábà sọ ohun tí a kọ sínú ìwé nígbà tí a bá ń kọ ọ́ lórin.

Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ka iye sílébù, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tuntun sórí orin àtijọ́. Bíbélì bọ́ nínú èyí, nítorí ẹnu ẹni tí ń kà á ni ó ń fi ohùn sí i. Orin ní tirẹ̀ ti ní ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ tirẹ̀. Bí a bá fẹ́ kọrin nípa ẹ̀jẹ̀ Kírísítì, tí orin sì gbé sílébù kejì sókè, ẹ̀jẹ́ ni etí gbọ́. Ìlérí tí ènìyàn ṣe fún Ọlọ́run ni ẹ̀jẹ́. Ohun tí a ta sílẹ̀ nítorí ènìyàn ni ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa, èkejì jẹ́ oore-ọ̀fẹ́, orí ìyàtọ̀ yìí gan-an sì ni ìjà ìgbà Luther dá lé. Bákan náà ni ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń tọrọ ìdáríjì fún ṣe lè di ẹ̀ṣẹ́. (Ọmọdé a máa fi èyí rẹ́rìn-ín, ó ti mọ́ àgbà lára, ìyẹn ni ó sì burú jù.)

Àwọn Yorùbá onígbàgbọ́ kò dákẹ́. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta (1855–1930) kọ orin ìsìn ní ìlànà orin ìbílẹ̀, ó sì gba púpọ̀ nínú wọn sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. T. K. E. Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Marina láti 1914 títí di 1962, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1953 pé ohùn ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí ó darí orin. Áńgílíkà ni àwọn méjèèjì. Ní ti Mẹ́tọ́díìsì, Àlùfáà A. T. Olajide Olude, tí a bí ní Ẹ̀búté Mẹ́ta ní ọdún 1908, kọ orin tí ó bá ohùn Yorùbá mu. Ọ̀kan nínú wọn, ti ọdún 1949, ni a túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà nínú ìwé orin Ìjọ United Methodist ti Amẹ́ríkà tí ó jáde ní 1989. Ìtumọ̀ ti yí ojú padà.

Àwọn òǹkọ̀wé máa ń ka iṣẹ́ wọ̀nyí mọ́ ìtàn orin tàbí ìfẹ́ àṣà. Ní èrò tiwa, iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó ná wọn. Orin tí a ṣe láti bá ohùn ẹsẹ kìn-ín-ní mu kò ní bá ti ẹsẹ kejì mu, nítorí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Nítorí náà ni orin tuntun ṣe fẹ́ràn lílé àti ègbè kúkúrú. Àlàyé gígùn, irú èyí tí ń ti orí ìdálẹ́bi rìn dé orí ìdáríjì nínú ẹsẹ mẹ́fà, ṣòro láti gbé ka orí ègbè. Ìdí kan nìyí tí ìwé orin àtijọ́ kò fi kúrò lọ́wọ́ ìjọ, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀jẹ́ àti ẹ̀ṣẹ́ inú rẹ̀.