Percy Scott àti Àgbá Orí Omi: Ìmọ̀ Tó Ń Dúró De Àṣẹ

Ìtàn tí wọ́n sábà máa ń sọ nípa Percy Scott (1853–1924), ọ̀gágun orí omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni pé òun nìkan ni olóye láàárín àwọn àgbà ọ̀gá tó kọ etí ikún sí ohun tuntun. Scott gan-an wà lára àwọn tó gbé ìtàn yìí kalẹ̀, nínú ìwé tó kọ nípa àádọ́ta ọdún rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tó jáde ní 1919. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa yóò rí i pé òye nìkan kọ́ ló ṣí ọ̀nà fún àtúnṣe tó mú wá: ibi tí aláṣẹ bá ti gbè é lẹ́yìn, tí wọ́n sì ti yí ohun tí wọ́n fi ń mọ ọ̀gá rere padà, ni iṣẹ́ rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀, níbi tí èyí kò bá sí, ẹ̀rí tó dájú pàápàá kì í tètè wọ̀ wọ́n létí.

Ní 1866, tí Scott wọṣẹ́ ní ọmọ ọdún 13, àlàáfíà ọlọ́jọ́ pípẹ́ orí òkun ti sọ ìmọ́tótó ọkọ̀ di ọ̀nà ìgbéga, débi pé àwọn ọ̀gá ọkọ̀ mìíràn ń fi owó ara wọn ra ọ̀dà. Ìyọnu ni àgbá yínyìn jẹ́ lójú wọn, nítorí èéfín rẹ̀ a máa ba ọ̀dà jẹ́. Níwọ̀n bí ìgbì ti ń mú ọkọ̀ fì, ayìnbọn a máa dúró títí ẹnu àgbá yóò fi bá àmì dọ́gba kó tó yìn ín. Nínú ọkọ̀ Scylla, tí Scott jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní òkun Mẹditaréníà, ó ṣàkíyèsí ayìnbọn kan tí kò dúró de ọkọ̀, tó ń yí kẹ̀kẹ́ tó ń gbé ẹnu àgbá sókè sódò láìdáwọ́ dúró, kí àmì má bàa bọ́ lójú rẹ̀. Scott tún eyín kẹ̀kẹ́ náà ṣe kó lè rọrùn láti yí, ó fi awò tó dára sí i, ó sì ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní dotter, nínú èyí tí àmì kékeré kan ń lọ sókè sódò níwájú ayìnbọn, tí pẹ́ńsùlù sì ń tọ́ka sí ibi tí ọta ìbá bà, kí wọ́n lè kọ́ṣẹ́ láìná ọta kankan. Ní 1899, nínú ọta 70 tí Scylla yìn, 56 ló ba àmì, èyí tí í ṣe ìdá 80 nínú 100, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yòókù ń ja ìdá 30 lọ bọ̀.

Èsì yìí nìkan kò yí iṣẹ́ náà padà. Nígbà tí Scott tún ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ Terrible ní òkun Ṣáínà, William Sims, ọ̀gá ará Amẹ́ríkà kan, kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó di dandan kí òun náà kọ̀wé sí Ààrẹ Theodore Roosevelt kí wọ́n tó dá a lóhùn nílé. Ní London, ìgbà tí John Fisher di olórí ọmọ ogun orí omi ní 1904 ni ọ̀nà là. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi Scott ṣe alábòójútó ìdánrawò àgbá, orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ sì wá so mọ́ iye ọta tó ba àmì.

Bí ọ̀rọ̀ rere ṣe ń yọ obì lápò ni ọ̀rọ̀ búburú ń yọ ọfà lápó, ahọ́n Scott kò sì mọ ìwọ̀n. Ní oṣù Kọkànlá 1907, Wilhelm Kejì, ọba Jámánì, ń bọ̀ wá ṣèbẹ̀wò, Lord Charles Beresford, ọ̀tá Fisher tí Scott wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, sì pàṣẹ pé kí àwọn ọkọ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ kun ọ̀dà. Ọ̀gá ọkọ̀ Roxburgh bẹ̀bẹ̀ kó lè parí àgbá tó ń yìn; Scott ránṣẹ́ sí i pé ó jọ pé ọ̀dà ti níye lórí ju àgbá lọ, kó yáa wọlé wá ṣara lóge. Beresford kéde ìbáwí rẹ̀ fún gbogbo agbo ọkọ̀, ó sì ní kí wọ́n yọ ọ́ nípò, àmọ́ àwọn aláṣẹ ní London kò gbà. Ní 1909 ni Scott fi òkun sílẹ̀.

Director, ètò tí ọ̀gá kan fi ń ti òkè òpó ọkọ̀ darí gbogbo àgbá tó sì ń fi iná mànàmáná yìn wọ́n pọ̀, ni iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù. Àwọn tó ṣiyèméjì ní ẹjọ́ gidi, pé ọta kan ṣoṣo lè fọ́ ojú ọkọ̀ náà pátá. Àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ ogun Thunderer, tó ní ètò yìí, bá ọkọ̀ Orion, tí kò ní in, díje ní 1912, ìlọ́po mẹ́fà ni Thunderer fi borí. Síbẹ̀, bí ogun ṣe bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, ọkọ̀ ogun ńlá 8 péré ló ní in. Àtìlẹyìn John Jellicoe, ọ̀gágun orí omi Gẹ̀ẹ́sì, ló mú un tàn dé ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kí ìjà Jutland tó wáyé ní 1916.

Scott kì í sì í ṣe ẹni tí kì í ṣì í sọ. Nínú lẹ́tà kan sí ìwé ìròyìn The Times ní oṣù Kẹfà 1914, ó ní ọkọ̀ abẹ́ omi ti sọ ọkọ̀ ogun ńlá di aláìwúlò. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan ṣoṣo rì ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì 3 láàárọ̀ ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ńlá yẹn náà ló gbè lẹ́yìn ìsémọ́ tó pa òwò orí òkun Jámánì. Nítorí náà, àwọn tó ń ṣiyèméjì sí Scott kò fìgbà gbogbo jẹ́ òmùgọ̀. Ohun tó yẹ kí òpìtàn béèrè nípa ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni irú iṣẹ́ tí àwọn aláṣẹ ń san èrè fún, nítorí nígbà tí wọ́n ń san án fún ọ̀dà, ọ̀dà ni àwọn ọ̀gá ọkọ̀ kọ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san án fún àgbá, wọ́n kọ́ àgbá.