Bluetooth Tí Kò Ní Ojúlé

Ẹ dé Mowe tàbí Ibafo, ẹ béèrè nọ́ńbà ojúlé ẹnì kan, ọ̀pọ̀ wa á ní kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, kẹ́ ẹ wá pè. Èèyàn lè fi ìyẹn débi tó ń lọ. Bluetooth kò lè fi í débì kankan. Àmì 12 ni àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀: ilé iṣẹ́ tó ṣe é á ra mẹ́fà àkọ́kọ́ lọ́wọ́ àjọ IEEE, á fúnra rẹ̀ pín mẹ́fà tó kù, kí ẹ̀rọ méjì má bàa pín àdírẹ́ẹ̀sì kan náà.

Àtúnṣe fóònù niṣẹ́ mi. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni Econet àti MTN gbé GSM dé fún wa. Ọdún yẹn náà ni Bluetooth wọnú Linux, èyí tí Android padà dúró lé. Nígbà tí Android olówó pọ́ọ́kú kún ọjà Otigba n'Ìkẹjà, "flashing", ìyẹn títún ètò kọ sórí fóònù, di oúnjẹ òòjọ́ wa. Ẹni tó bá tẹ "Format All" láìtọ́jú NVRAM (ibi tí fóònù ń kọ àwọn nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ sí) pa mọ́, IMEI á lọ, àdírẹ́ẹ̀sì Bluetooth á bá a lọ. A lè rí IMEI kà lára sítíkà abẹ́ bátìrì. Ti Bluetooth kì í sábà sí níbẹ̀.

Irọ́ ni ẹ̀rọ tí kò ní àdírẹ́ẹ̀sì máa ń pa tẹ́lẹ̀. Ṣípù BCM20702A0 ti Broadcom tí wọn kò fún ní tirẹ̀ á ní 20:70:02:A0:00:00 lòun. Ẹ tún un kà: orúkọ ṣípù náà ló sọ di àdírẹ́ẹ̀sì! Bí irú rẹ̀ méjì bá wà nínú yàrá kan, èwo ni sípíkà máa dá lóhùn?

Láti 2014 ni Marcel Holtmann àtàwọn tí wọ́n jọ ń kọ Linux ti ń tún ìṣòro yìí ṣe. Driver, ìyẹn ètò tí Linux fi ń darí ẹ̀rọ, tó bá rí ayédèrú àdírẹ́ẹ̀sì kò ní gbà á mọ́; ẹ̀rọ náà á jókòó jẹ́ẹ́ títí wọn ó fi fún un ní ojúlówó. Nígbà tó di 2019, driver ti Qualcomm náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo "local-bd-address", ibi tí bootloader á ti kọ àdírẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ kí Linux tó gbéra.

Mo fara mọ́ driver tó bá dákẹ́ ju èyí tó ń hùmọ̀ lọ, torí àṣìṣe tó bá hàn síta ló ṣeé tún ṣe. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ọmọ iṣẹ́ kì í fọwọ́ kan fóònù oníbàárà kó tó tọ́jú NVRAM rẹ̀.